Wáyà Tó Ń Ka Afẹ́fẹ́

Mo fẹ́ kó fẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ wọlé,
ohun tí mo fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Súbárù mi, aláwọ̀ eérú, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
tọ́bò inú rẹ̀ ń súfèé bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ.
Ihò imú tí wọ́n dá mọ́ ọn ló há jù, mo ní.
Mo ra páìpù tuntun ní Zuba, ó ń dán, ó tó apá mi ní sísanra,
mo ra fílítà olóròóró tó ṣe ṣóńṣó bí òrùlé ahéré.
Èmi fúnra mi ni mo dè é, lẹ́yìn ilé ní Kubwa,
pẹ̀lú sípánà mẹ́ta àti tọ́ọ̀ṣì fóònù tí Ìbíwùmí ọmọ mi dì mú.

Ọyẹ́ dé lóru ọjọ́ náà.
Ètè là, gìgísẹ̀ là,
eruku jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ayálégbé tó ti san owó ọdún méjì.
Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú títì márosẹ̀.
Ó wúkọ́.
Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn láti inú,
kó, kó-kó, kó,
bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ yàrá tó ń fi òrùka gbá irin.

Ní Apo, láàrin ọkọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀,
Gwatana kò bú mi.
Ó fa ike kékeré kan yọ: "Mádáàmù, ẹ wò ó."
Wáyà kan, tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú.
"Iná ń mú un gbóná. Afẹ́fẹ́ ń kọjá lára rẹ̀, ó ń tutù.
Bí òtútù ṣe mú un tó ló fi ń mọ iye tó wọlé,
iye yẹn ni kọ̀ǹpútà fi ń wọn epo."

Mo dákẹ́.
Mo ti rò pé irin ni ọkọ̀, láti orí dé ẹsẹ̀.
N kò mọ̀ pé ohun kan wà nínú rẹ̀
tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí òtútù mú un, kó sì sọ òótọ́ lọ.

Òróró fílítà mi ti kùn ún lára,
eruku ọyẹ́ ti lẹ̀ mọ́ òróró.
Ẹni tó da aṣọ bora kì í mọ bí òtútù ṣe tó.

Èyí nìkan kọ́. Iliyasu, ọmọ Azare tó ń gbé kọ̀ǹpútà kiri, ní:
"Ìwọ̀n páìpù àtijọ́ ló ṣì fi ń kà.
Ẹ mú ọ̀nà fẹ̀, ẹ ò sọ fún ẹni tó ń kà.
Èèyàn mẹ́wàá wọlé, ó kọ méje sílẹ̀;
oúnjẹ èèyàn méje ló ń bù fún mẹ́wàá."

Ọ̀rọ̀ yẹn dé ibi kan lára mi.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ka owó lẹ́yìn gíláàsì ní Wuse.
Lọ́jọ́ tí ìwé àti owó kò bá bára mu, wọ́n á tilẹ̀kùn,
a ó máa kà á, a ó máa tún un kà, títí àtàǹpàkò yóò fi dúdú.
Ọjọ́ kan wà tí àṣìṣe náà kì í ṣe tèmi,
ẹ̀rọ tó ń kà á ni eruku wọ̀ lójú.
Owó oṣù mi ni wọ́n gé.

"Ẹ rọra fọ̀ ọ́," ni mo wí.
Gwatana fín oògùn sí i, kò fọwọ́ kàn án.
Ó gbé fílítà gbígbẹ sípò olóròóró.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, èmi àti Iliyasu gba ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú,
ó ń kọ òǹkà tuntun lórí itan rẹ̀.
"Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́."
Nítòsí Lugbe, ẹni inú yàrá yẹn kò kanlẹ̀kùn mọ́.
Tọ́bò fa èémí kan, gígùn,
ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga.
Iliyasu wúkọ́. Ọyẹ́ ni.

Mo yí gíláàsì sílẹ̀, mo na ọwọ́ síta,
mo jẹ́ kó tutù.